Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Ń Ṣe Éésì Ara Ògiri, Láti Ọ̀wọ̀ Dé Ìfọ́n

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ooru ara èèyàn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ amúlétutù àkọ́kọ́? Nítorí bébà ni. Ní ọdún 1902, ìdààmú bá ilé ìtẹ̀wé Sackett-Wilhelms ní Brooklyn, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Tí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, bébà á fẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, bébà á sún kì, àwọ̀ kejì kò sì ní í bọ́ sórí àwọ̀ àkọ́kọ́ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ẹnjiníà, Willis Carrier, ló ya àwòrán ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ìtutù tí à ń gbádùn lónìí, ara iṣẹ́ yẹn ló ti jáde. Ẹni tó bá ti lo oṣù kẹfà tàbí oṣù keje ní Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà tí aṣọ tí a sá kì í gbẹ bọ̀rọ̀, á mọ̀ pé omi púpọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ lóòótọ́. Nítorí náà, omi tó ń kán láti inú rọ́bà éésì sí ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe àìsàn, iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ló ń ṣe. Inú yàrá ni kò yẹ kó máa kán sí.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tó wà lára ògiri yẹn kì í ṣe odidi ẹ̀rọ, pé ìdajì ni? Láyé ijọ́un, inú àpótí kan ṣoṣo tí wọ́n kì bọ ojú fèrèsé ni gbogbo éésì máa ń wà, ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí àlejò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní 1961, Toshiba gbé èyí tí wọ́n gé sí méjì jáde ní Japan: apá tó ń pariwo dúró síta, apá tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọ inú yàrá. Fáànù gígùn roboto tó wà nínú ti inú ilé tiẹ̀ ti wà tipẹ́ kí éésì tó dé. Ará Faransé kan, Paul Mortier, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ láti 1893.

Nínú ìdajì inú ilé yìí ni bọ́ọ̀dù wà, bọ́ọ̀dù yìí ló sì ń sọ fún ti ìta ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò sinmi. Ìdí nìyí tí éésì fi lè kú pátápátá lójú onílé, kó sì jẹ́ pé ohun kan tí kò tó ìka ọwọ́ ló bàjẹ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ́n tàbí ní Ìdóàní tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀dù tí kò kú nù, tí onílé ń ná owó oṣù rẹ̀ sórí tuntun, nítorí pé kò sí ẹni tó bi ẹ̀rọ náà léèrè ọ̀rọ̀ létòlétò. Éésì máa ń dáhùn. Ẹni tó mọ ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ bi í ló ń ṣọ̀wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ kò kan éésì rárá, pé yàrá ni a ó kọ́kọ́ bi? Àwọn ará Ọ̀wọ̀ ti ní ọgbọ́n ìtutù kí iná mànàmáná tó dé. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ pé àgbàlá tó wà ní ààfin Ọlọ́wọ̀ nígbà kan rí tó ọgọ́rùn-ún, ùghà ni àwọn ará ìlú ń pè é: ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ láàárín rẹ̀, ògiri amọ̀ tó nípọn yí i ká. Ògiri amọ̀ kì í tètè gbóná, atẹ́gùn sì máa ń rí ọ̀nà gbà. Yàrá òde òní tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tí páànù ń yan lórí, tí kò ní sílíìnì, tí oòrùn ọ̀sán sì kọjú sí ojú fèrèsé rẹ̀, yóò ba éésì olówó ńlá lórúkọ jẹ́. Éésì 1HP tí wọ́n gbé sínú pálọ̀ ńlá kò ní àrùn kankan tí mítà tí a fi ń wọn iná lè rí. Bi yàrá léèrè ná, kí o tó tú ìdè kankan.

Ìbéèrè kejì, iná.

Ṣé o mọ̀ pé tí iná bá já wá sí ìdajì, agbára tí mótò fi ń yí kò ní í dúró ní ìdajì, pé ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù? Bẹ́ẹ̀ ni mótò tó wà nínú éésì tí kì í ṣe inverter (irú tí mótò rẹ̀ lè yí kíákíá tàbí jẹ́jẹ́ bó ṣe yẹ) ṣe rí. Bí iná bá kúrò ní 220 fóltì tó wá sí 160, bí a ṣe ń rí i ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná wọn lẹ́ẹ̀kan náà, agbára tó kù fún mótò fi díẹ̀ ju ìdajì lọ ni. Fáànù á máa fà, kọ̀m̀púrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì yípo níta, á máa kùn láìgbéra. Onílé á ní éésì òun ti bàjẹ́. Tí a bá tún un wò ní aago méjì òru, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti sùn, á máa tutù dáadáa.

Ní ọdún 2013 ni BEDC, ilé iṣẹ́ tó ní olú ilé rẹ̀ ní ìlú Benin, bẹ̀rẹ̀ sí í pín iná fún Oǹdó, Èkìtì, Ẹdó àti Delta, ṣùgbọ́n NEPA ni gbogbo wa ṣì ń pè é, orúkọ àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1972. Orúkọ yòówù kí a pè é, mítà ni kí a fi bi í léèrè kí a tó bi éésì: fóltì mélòó ló dé ojú súwíìshì? Mélòó ló kù nígbà tí éésì bá ti ń ṣiṣẹ́? Ìbéèrè kejì yìí ṣe pàtàkì ju àkọ́kọ́ lọ. Iná tó jẹ́ 215 kí a tó tan éésì, tó sì já sí 180 lẹ́yìn tí kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ gbéra, ń sọ fún wa pé wáyà tó gbé e wá tín-ín-rín jù, tàbí pé ibì kan wà tí ojú wáyà ti dẹ̀. Wáyà 2.5 mm² ni ó kéré jù tí mo lè fara mọ́ fún 1HP, tirẹ̀ nìkan, láti bírékà wá, láìsí pé ilé mìíràn tàbí fíríìjì ń pín in lò. Wáyà ayédèrú tí wọ́n fi kọ́pà lásán bo álúmíníọ̀mù wà lọ́jà. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀. Wo ibi tí wọ́n ti de wáyà mọ́ ara éésì. Tí rọ́bà ibẹ̀ bá ti dúdú, tó sì ń rùn bí ohun tó jó, ìdè kan tó dẹ̀ ló fa gbogbo ẹjọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ariwo ta-ta-ta-ta tí éésì ń ṣe nígbà tí iná bá kéré ní ìtàn tó ti lé ní ọgọ́sàn-án ọdún? Rìléè ló ń ké. Nínú rẹ̀, wáyà tín-ín-rín tí a wé máa ń di mágínẹ́ẹ̀tì nígbà tí 12 fóltì bá wọ̀ ọ́, á fa irin kékeré mọ́ra, irin yẹn á sì ṣí ọ̀nà fún iná ńlá lọ sí ìta. Joseph Henry ti ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1835. Tí iná bá kéré, mágínẹ́ẹ̀tì á fa irin, kò ní í lè dì í mú, á jábọ́, á tún fà á. Ibi tí irin ti ń kan irin á máa ta pàrà, á sì jó. Nítorí náà, tí o bá gbọ́ ariwo yẹn, pa éésì náà. Má dúró wò ó bóyá yóò dáwọ́ dúró.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí bọ́ọ̀dù éésì fi máa ń kú ní ilé mẹ́ta mẹ́rin ládùúgbò kan náà, lọ́jọ́ kan náà, lẹ́yìn òjò ńlá? Àwọn èèyàn á ní NEPA gbé iná burúkú wá. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Lórí òpó àdúgbò, wáyà mẹ́ta ni féèsì, ìkẹrin ni nútírà. Láàárín féèsì kan àti nútírà, nǹkan bí 230 fóltì ló wà. Láàárín féèsì kan sí féèsì kejì, nǹkan bí 400 ni. Tí ẹ̀ka igi bá wó lu òpó, tó sì já nútírà nìkan, iná kò ní í lọ. Ilé tó wà lórí féèsì kan àti ilé tó wà lórí féèsì kejì á wá di ohun tí a so pọ̀ mọ́ra láàárín 400 fóltì, wọ́n á sì pín in láì dọ́gba: gílóòbù ilé kan á pọ́n kúú, ti ilé kejì á funfun yòò. Ilé tí gílóòbù rẹ̀ ń funfun yòò yẹn ni bọ́ọ̀dù rẹ̀ ń kú lọ. Jọ̀wọ́, kọ́ àwọn ọmọ ilé: tí gílóòbù bá ṣàdédé mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹni tó bá sún mọ́ bírékà jù fà á wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó tó pe ẹnikẹ́ni.

Inú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ohun kan tó kéré, tó sì rí pẹlẹbẹ, máa ń fi ẹ̀mí rẹ̀ dí bọ́ọ̀dù. Varistor ni orúkọ rẹ̀. Àwọ̀ búlúù tàbí pupa ni ó sábà máa ń ní, ẹ̀gbẹ́ fíúsì ló máa ń wà. Zinc oxide ni wọ́n fi ṣe inú rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun kan náà tó wà nínú ìpara tí àwọn ìyá ń fi pa ìdí ìkókó tí ìtọ̀ ti bó. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Matsushita ní Japan ló sọ ọ́ di ohun èlò ààbò ní nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1960. Tí iná bá wà ní ìwọ̀n rẹ̀, varistor kì í gba ohunkóhun kọjá. Bí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ló rí, á kàn jókòó. Tí iná bá fò sókè kọjá ààlà, lójú ẹsẹ̀ ló máa ṣílẹ̀kùn, á gbé gbogbo rẹ̀ gba ara rẹ̀ kọjá, fíúsì á sì já. Ó lè fọ́ yángá, kó fi èéfín dúdú kun bọ́ọ̀dù. Onílé tó bá rí dúdú yẹn á gbà pé bọ́ọ̀dù ti kú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun méjì péré ló kú: varistor àti fíúsì 3.15 áńpíà. Kí a yọ àwọn méjèèjì, kí a fi irú wọn gan-an rọ́pò, kí a tún wò ó.

Tí fíúsì tuntun bá tún já lójú ẹsẹ̀, ó ń sọ nǹkan fún wa: ibì kan wà tí iná ti ń kan ara wọn, bóyá nínú dáyóòdù mẹ́rin tó ń yí iná padà tàbí nínú mótò fáànù. Yọ ojú wáyà mótò kúrò, dán an wò. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni fi irun wáyà dí ojú fíúsì. Mo ti rí bọ́ọ̀dù tó jó di eérú nítorí irun wáyà kan.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ alágbẹ̀dẹ ló wà nídìí méjì nínú àwọn ohun tó ń mú bọ́ọ̀dù éésì ṣiṣẹ́? Michael Faraday, ọmọ London, kò pẹ́ nílé ìwé. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, ìyẹn tí à bá ní ọmọ Ògún ni nílẹ̀ wa. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń di ìwé, ọdún méje ló sì lò, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń sin ọ̀gá rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ lónìí kó tó gba ìdáǹdè. Ní 1831, ó fi hàn pé iná tó wà nínú wáyà kan lè jí iná dìde nínú wáyà mìíràn tí kò fara kàn án. Lórí èyí ni tiransifọ́mà dúró, yálà èyí ńlá tó wà lórí òpó tàbí èyí tó tó ẹ̀kún ọwọ́ nínú éésì, tó ń gba 220 fóltì wọlé tó sì ń fi nǹkan bí 12 tàbí 14 sílẹ̀.

Àtẹ̀gùn ni ọ̀nà tí iná ń gbà wọ bọ́ọ̀dù, sísọ̀ ni a ó máa sọ̀ ọ́ pẹ̀lú mítà. Ṣé 220 wọ tiransifọ́mà? Ṣé 12 jáde? Tí 220 bá wọlé tí ohunkóhun kò jáde, a ti mú olè: wáyà inú tiransifọ́mà ti já, òun nìkan ni a ó sì rà. Tí 12 bá jáde, ṣé dáyóòdù ti sọ ọ́ di iná tààrà? Ṣé ẹsẹ̀ ìkẹta ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọ 7805 sí lára ń mú 5 fóltì jáde? Fóltì márùn-ún yẹn ni oúnjẹ ọpọlọ bọ́ọ̀dù; bí kò bá dé, iná kankan kò ní í tàn lójú éésì. Ibi tí àtẹ̀gùn bá ti já ni àrùn wà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ yìí gbà, ó sì sàn ju kí a fi ojú wo bọ́ọ̀dù, kí a ní ó ti kú.

Ọ̀rọ̀ mi yí padà tó bá jẹ́ éésì inverter, irú èyí tí Toshiba kọ́kọ́ gbé wọ ilé ní àwọn ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní tiransifọ́mà bẹ́ẹ̀ mọ́. Iná 220 tí wọ́n sọ di tààrà máa ń tó 310 fóltì, ó sì máa ń sá pamọ́ sínú kàpásítọ̀ ńlá lẹ́yìn tí a bá ti pa súwíìshì. Ó lè pa èèyàn. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹni tó kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró, kó fi mítà wò ó pé iná ti tán nínú rẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì tó wá láti ọwọ́ Faraday ni sẹ́ńsọ̀. Ní 1833 ló kíyè sí i pé silver sulphide kò ṣe bí irin: bí ó ṣe ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ló ń rọrùn fún iná láti gbà á kọjá. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ méjì tó wà nínú éésì. Ọ̀kan ń wọn afẹ́fẹ́ yàrá, èkejì wà nínú àpò kọ́pà lára páìpù tútù. Nínú ọ̀pọ̀ éésì, sẹ́ńsọ̀ yìí máa ń ka 10,000 óòmù tí ooru bá jẹ́ 25 lórí ìwọ̀n Celsius. Bu omi yìnyín sínú ife, ri orí sẹ́ńsọ̀ náà sínú rẹ̀, iye náà á gòkè kọjá 25,000. Dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó dúró lójú kan nínú ìdánwò méjèèjì ti kú. Kí ni èyí já mọ́? Tí ti ara páìpù bá ti ń purọ́ fún bọ́ọ̀dù pé yìnyín ti bò ó, bọ́ọ̀dù á pa ti ìta. Fáànù á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, ooru á sì mú onílé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo éésì ni.

Irú ẹjọ́ yìí ni wọ́n sábà máa ń dá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Mọ́mì, gáàsì yín ti tán.” Ṣé o mọ̀ pé gáàsì éésì kì í tán bí epo mọ́tò ṣe ń tán? Inú páìpù tí wọ́n dì pa ló ń yípo, ohun tí wọ́n sì rọ sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ló yẹ kó wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Tí ó bá dínkù, ó ń jò níbì kan. Ẹni tó ń rọ gáàsì sí i lọ́dọọdún láìwá ibi tó ń jò, owó onílé ló ń rọ síta.

Ṣé o mọ̀ pé kàpásítọ̀ ti lé ní ọdún 270? Ní 1745, Ewald von Kleist, ará Jámánì, rí i pé iná lè sá sínú ìgò tó ní omi, ó sì gbá a gidigidi. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Pieter van Musschenbroek rí ohun kan náà ní Leiden, orúkọ ìlú yẹn ló sì mọ́ ìgò náà lára. Nínú éésì inú ilé lónìí, dúdú kékeré onígun mẹ́rin ni, láàárín 1 sí 3 microfarad, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó ti mótò fáànù kó gbéra. Kì í kú lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́. Bí ó ṣe ń rẹ̀ ẹ́, fáànù á máa lọ́ra, afẹ́fẹ́ kò ní í gba orí páìpù kọjá tó, yìnyín á bo páìpù. Nígbà tí yìnyín bá yọ́, omi á dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Onílé á pe ẹni tó ń tún páìpù omi ṣe! Fi mítà tó ń ka microfarad wọ̀n ọ́ lẹ́yìn tí o bá ti pa bírékà tí o sì ti sọ iná inú rẹ̀ nù. Tí ara rẹ̀ bá ní 1.5, tí mítà sì ń ka 0.8, òun nìyẹn.

Àmọ́ o, ìdọ̀tí tó bo àwọ̀n iwájú máa ń fa àìsàn kan náà gan-an. Fọ àwọ̀n kí o tó fura sí kàpásítọ̀. Ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí eruku ń wọlé láti ibi gbogbo, mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ó yẹ kí a máa fọ̀ ọ́. Ẹni tó wà ní Band A, ìpele àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, mọ̀ pé eruku lórí àwọ̀n, owó ni: oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó iná wọn lọ sí ₦225 lórí kílówáàtì kan fún wákàtí kan. Iye náà ti ń lọ sókè sódò láti ìgbà náà.

Ṣé o mọ̀ pé fáànù éésì máa ń ka iye ìgbà tó yí, tó sì ń ròyìn fún bọ́ọ̀dù? Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré wà nínú mótò, ohun kan sì wà níwájú rẹ̀ tó ń gbọ́ ìgbàkígbà tó bá kọjá. Edwin Hall ló rí ọgbọ́n yìí ní 1879, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Johns Hopkins. Nítorí náà, fáànù tó bá gbéra dáadáa, tó yí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tó wá dúró, tó tún gbéra, tó tún dúró, mótò rẹ̀ lè má ní àléébù lára wáyà ńlá rẹ̀ rárá. Ìròyìn ni kò dé. Wo wáyà tín-ín-rín mẹ́ta tó ti ibẹ̀ wá: ọ̀kan ń gbé 5 fóltì lọ, ọ̀kan jẹ́ ilẹ̀, ìkẹta ló ń mú ìròyìn bọ̀. Fi ọwọ́ yí fáànù jẹ́jẹ́, kí mítà wà lórí ìkẹta. Ó yẹ kó máa lọ sókè, kó máa bọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ yìí lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́ ló kọ́kọ́ fi èyí hàn mí, inú mi sì dùn bí ẹni rí owó he.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí éésì máa ń dúró kí ti ìta tó gbéra lẹ́yìn tí iná bá dé, ààbò ni, kì í ṣe àìsàn. Ó ń jẹ́ kí agbára gáàsì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ dọ́gba. Ẹni tó ń tẹ rìmóòtù léraléra ní àkókò yẹn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sún ìtutù síwájú.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ́nlé lè pa éésì? Ooru díẹ̀ tó wà lórí bọ́ọ̀dù àti kòkòrò tí ìmọ́lẹ̀ ń fà wá ló ń mú un wọlé. Tó bá ti fi ẹsẹ̀ kan tẹ ibi tí 220 gbà kọjá, tó sì fi èkejì tẹ ibòmíràn, ó parí fún un, ó sì lè parí fún fíúsì náà. Èèrà ń kó ẹyin sínú rìléè, ìtọ̀ eku sì ń jẹ ojú kọ́pà bọ́ọ̀dù títí á fi di àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eku ní agbègbè wa kọjá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tún éésì ṣe ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ gbọ́ eléyìí dáadáa.

Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 tí wọ́n sì fi ìlú Lassa ní Borno sọ lórúkọ, ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis ló ti ń ran èèyàn. Nínú àkọsílẹ̀ NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, Oǹdó máa ń wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó pọ̀ sí jù, pẹ̀lú Ẹdó àti Bauchi. Nínú Oǹdó náà, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó ń rí i jù, Federal Medical Centre tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn rẹ̀ ti ń gba ìtọ́jú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń gbilẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ni ooru ń mú, tí gbogbo èèyàn ń rántí éésì tí wọn kò tàn láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n sì ń pe oníṣẹ́ pé kó wá tú u.

Ihò ara ògiri tí páìpù éésì gbà kọjá, tí wọn kò bá fi símẹ́ńtì tàbí fóòmù dí i, ọ̀nà ni fún eku. Nítorí náà, tí o bá ṣí iwájú éésì tí o sì rí ìgbẹ́ eku, má fẹ́ ẹnu sí i, má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a, má sì tan búlówà sí i. Eruku rẹ̀ kò yẹ kó wọ imú rẹ. Pa bírékà. Wọ ìbọ̀wọ́, bo imú àti ẹnu. Yọ bọ́ọ̀dù àti mótò kúrò ná, wọ́n omi tí a po bílíìṣì mọ́ sára rọ́bà àti ike títí á fi rin, ní sùúrù díẹ̀, kí o tó fi bébà nù ún, kí o sì di bébà náà pa sínú ọ̀rá. Bọ́ọ̀dù ní tirẹ̀, sípírítì ni kí o fi nù ún, kó gbẹ pátápátá kí iná tó tún wọ̀ ọ́. Ìyá tó ni ilé lè rò pé o ń fi àkókò ṣòfò. Ṣàlàyé fún un, ẹ jọ wá ihò náà, kí ẹ sì dí i kí o tó kúrò níbẹ̀. Owó símẹ́ńtì díẹ̀ ni.

Ṣé o mọ̀ pé mótò kékeré tó ń gbé ìyẹ́ iwájú sókè sódò kì í yí bí mótò yòókù? Ìgbésẹ̀ ló ń gbé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí bọ́ọ̀dù bá ṣe ń kà á fún un. Wáyà márùn-ún ló ní, 12 fóltì ló ń lò. Tí ìyẹ́ bá ń ta ké-ké-ké, ike rẹ̀ ló sábà máa ń há tàbí kó ti ṣẹ́. Má fi ọwọ́ fà á ní tipátipá.

Iná tó ń ṣẹ́jú lójú éésì náà, ọ̀rọ̀ ni. Ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú kó tó sinmi, kí o wo ìwé tó bá a wá. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀, ohun tí E1 jẹ́ fún ọ̀kan kọ́ ni ó jẹ́ fún èkejì. Má ju ìwé náà nù lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé éésì wá.

Ṣé o mọ̀, níkẹyìn, pé o lè fi fóònù rẹ rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí? Ní ọdún 1800, William Herschel fi gíláàsì tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ àwọ̀, ó sì gbé òṣùwọ̀n ooru sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ pupa, níbi tí kò sí àwọ̀ kankan. Ibẹ̀ ló gbóná jù. Irú ìmọ́lẹ̀ tó fara sin yẹn ni rìmóòtù éésì fi ń sọ̀rọ̀, ó sì ń ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 38,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣí kámẹ́rà iwájú fóònù rẹ, èyí tí o fi ń ya ara rẹ, torí kámẹ́rà ẹ̀yìn ti àwọn fóònù kan máa ń dí ìmọ́lẹ̀ yìí. Kọjú orí rìmóòtù sí i, kí o tẹ bọ́tìnì. Tí ohun kan bá ń tàn ní àwọ̀ àlùkò tàbí funfun, rìmóòtù wà láàyè. Tí kò bá tàn, pààrọ̀ bátìrì, nu ojú irin tí bátìrì ń kàn. Tí ó bá ń tàn tí éésì kò sì dáhùn, gbé ìdérí iwájú éésì sókè: bọ́tìnì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún irú ọjọ́ yìí. Tẹ̀ ẹ́. Tí éésì bá gbéra, bọ́ọ̀dù, fáànù àti ti ìta kò ní àìsàn. Ojú tó ń gba ọ̀rọ̀ rìmóòtù nìkan ni kí o ní kí oníṣẹ́ pààrọ̀.